Ọyẹ́ Dé, Imú Dí: Ẹ̀yin Lẹ Bèèrè, Ìyá Nọ́ọ̀sì Ń Dáhùn

Ẹ kú ọyẹ́ o, gbogbo ilé. Láti bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ imú ló kún inú lẹ́tà àti wásáàpù tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí wa, imú dídí, imú tó ń ṣomi, ojú tó ń yún, kéèyàn máa sín láti àárọ̀ dalẹ́. Ilé-Ifẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ èyí, tí mo bá gbójú sókè lójú fèrèsé mi, òkè tó wà lọ́nà yunifásítì tí mo máa ń rí kedere lóṣù kẹwàá, mi ò rí i mọ́, ojú ọ̀run rí bàìbàì bíi ìgbà téèyàn ń jọ èlùbọ́ lọ́wọ́. Torí náà ọ̀rọ̀ imú nìkan la máa sọ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè nípa ẹ̀yìn dídùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láyè díẹ̀, mi ò gbàgbé yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mọ̀mí. Tíṣà ni mí, Lágere níbí ni mò ń gbé. Lọ́dọọdún tó bá ti di ìparí oṣù kọkànlá báyìí, wàhálà mi dé nìyẹn. Tí mo bá jí láàárọ̀, mo lè sín tó ìgbà mẹ́wàá léra wọn kí n tó ráyè kí ọkọ mi, omi á máa dà nímú mi, ojú á máa yún mi, kódà òkè ẹnu lọ́hùn-ún á máa yún mi tí màá fẹ́ fi ahọ́n họ ọ́. Ara mi ò gbóná, kò sì ro mí. Mo ti lo kápúsù aláwọ̀ méjì tí wọ́n tà fún mi ní kẹ́míìsì, mo lò ó tán, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan tí mo lè máa ṣe nínú ilé tí kò ní jẹ́ oògùn, oògùn, oògùn ní gbogbo ìgbà? (Tíṣà, Lágere)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, tíṣà wa. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹ ti fẹnu ara yín sọ ohun tó ń ṣe yín. Ó ń yún yín, ara yín ò gbóná, ó sì máa ń dé lásìkò kan náà lọ́dọọdún. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀fìnkìn tí wọ́n ń kó ràn èèyàn. Ọ̀fìnkìn téèyàn kó lára ẹlòmíì sábà máa ń mú kí ara roni, ó lè mú ọ̀fun dun èèyàn, nígbà tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí ọjọ́ mẹ́wàá á ti máa lọ. Tiyín yìí, èèwọ̀ ara ló jọ, òun làwọn dókítà ń pè ní álẹ́jì. Nǹkan kan wà nínú afẹ́fẹ́ tí ara yín ò gbà, ara wá rò pé ọ̀tá ló wọlé, ó ń tú nǹkan kan tó ń jẹ́ histamine jáde nínú imú àti ojú, histamine yẹn ló ń fa yíyún, òun ló ń jẹ́ kí inú imú wú, òun náà ló ń da omi. Ìdí tí kápúsù yẹn ò fi ṣe nǹkan kan nìyẹn, kòkòrò bakitéríà ló wà fún, kò sì sí bakitéríà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ dákun ẹ má lò ó mọ́ fún èyí, torí lọ́jọ́ tí kòkòrò gidi bá dé, kòkòrò yẹn lè má gbọ́ oògùn náà mọ́.

Ọyẹ́ fúnra rẹ̀, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń fẹ́ wá, púpọ̀ nínú eruku tó ń gbé, kòtò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad ló ti ń kó o, ibi tí adágún omi ńlá wà láyé àtijọ́ kó tó gbẹ, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi yẹn ló ti di lẹ́búlẹ́bú tó ń fò dé ọ̀dọ̀ wa. Atẹ́gùn náà tún gbẹ, ó ń fa omi ara wa, bó ṣe ń jẹ́ kí ètè bó ló ṣe ń jẹ́ kí inú imú gbẹ kó sì sán. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń sín nínú ọyẹ́ ni ara rẹ̀ ní èèwọ̀, eruku lásán náà lè ta èèyàn nímú. Yíyún ojú àti òkè ẹnu yẹn ni mo fi gbà pé tiyín ju eruku lásán lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín ní nǹkan kan. Àwọn súwẹ́tà àti bùláńkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń lò báyìí, níbo ni wọ́n wà láti oṣù kẹta? Inú àpótí, àbí òkè wọ́dúróòbù. Tí òtútù àárọ̀ àkọ́kọ́ bá ti dé, a ó kàn fà á yọ, a ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó di ara. Ilé ẹ̀gbọ́n mi kan ni mo ti kọ́kọ́ fojú ara mi rí i, ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì yọ níwájú fèrèsé tí oòrùn ń wọlé, mo rí ohun tó ń fò jáde lára rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn yẹn, ó pọ̀ bí èéfín, bẹ́ẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó ń sín ló fẹ́ fi bò. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín kan wà tí ojú ò lè rí, inú fóòmù, pílò àti bùláńkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbé, èépá ara wa tó ń já bọ́ ni wọ́n ń jẹ, ìgbẹ́ wọn gan-an wà lára ohun tí ara ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà jù láyé. Ẹ fi omi gbígbóná fọ gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì, lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, omi tó gbóná gan-an o, kì í ṣe ìlọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ sá wọn kí wọ́n gbẹ dáadáa, kí ẹ sì kó wọn wọlé kí atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ tó tún da eruku lé wọn lórí. Tí ẹ bá fẹ́ gbálẹ̀, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbá a, tàbí kí ẹ fi àkísà tútù nù ún. Ẹ nu abẹ fáànù. Ẹ fọ nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé, àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni gbogbo eruku ti ń sinmi kó tó wọlé. Kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ kíláàsì tó ń nu bọ́ọ̀dù lo àkísà tútù, ẹ̀yin náà ẹ kúrò nítòsí.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù ni omi iyọ̀. Kò sí ohun tí mo fi lé àwọn èèyàn lọ́wọ́ tí wọ́n padà wá dúpẹ́ bíi rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé: mo máa ń da píọ́wọ́tà ọ̀rá kan sínú ìkòkò tó mọ́, ọ̀rá kan jẹ́ ìdajì lítà, màá sè é kó hó dáadáa fún bíi ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta, màá dé e títí á fi tutù débi pé ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Màá wá fi iyọ̀ ṣíbí tíì kan sí i, kó má kún jù, ṣíbí tí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́ bẹẹrẹ. Tó bá ń ta yín nímú, ẹ fi sóódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì díẹ̀ sí i, bíi èyí tí ìka méjì lè mú. Káún kọ́ o, ẹ jọ̀ọ́, káún yàtọ̀. Ẹ ra sírínjì ńlá tuntun ní kẹ́míìsì, ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Ẹ tẹ̀ síwájú lórí bésíìnì, ẹ yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ la ẹnu kí ẹ máa fi ẹnu mí, ẹ wá rọra ti omi náà sí ihò imú tó wà lókè. Á gba ihò kejì jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ á yà yín lẹ́nu, ó dà bíi pé èèyàn ń rì sómi, ẹ fara balẹ̀, lẹ́ẹ̀kejì ẹ ò ní bẹ̀rù mọ́. Ẹ rọra fọn imú lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má fọn ọ́n tipátipá kó má lọ sí etí. Ẹ ṣe é nígbà tí ẹ bá ti iléèwé dé, kí ẹ tún ṣe é kí ẹ tó sùn. Èyí tó bá kù lọ́jọ́ kejì, ẹ dà á nù.

Mo fẹ́ pariwo lórí síse omi yẹn. Omi kànga, omi ẹ̀rọ, píọ́wọ́tà tí wọn ò sè, ẹ ò gbọdọ̀ fi fọ imú. Ohun téèyàn mu tó lọ sí ikùn, ikùn lè pa á, àmọ́ inú imú lókè lọ́hùn-ún sún mọ́ ọpọlọ, kòkòrò kan wà nínú omi tó ń jẹ́ Naegleria, kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba imú rẹ̀ wọlé, agbára káká ló fi ń yè é. Omi síse ń pa á. Iná gáàsì ìṣẹ́jú mẹ́ta ò pọ̀ jù láti fi dáàbò bo ara ẹni.

ÌBÉÈRÈ: Mọ̀mí, ẹ kú làákàyè o. Dírẹ́bà ni mí, Iléṣà sí Ifẹ̀ ni mò ń ná, ìgbà mìíràn mo máa ń dé Àkúrẹ́. Eruku ojú títì ń pa mí lọ, imú mi ń dí, orí á wúwo. Ìyàwó mi ní kí n máa lá oyin, ọ̀rẹ́ mi kan ní gáréèjì ní orógbó ni, màmá mi ní kí n fi efinrin bora. Èyí tí mo rà fúnra mi ni oògùn kékeré aláwọ̀ yẹ́lò yẹn, ó ṣiṣẹ́ o, àmọ́ oorun ló ń kùn mí. Èwo ni kí n mú? (Ọmọ Ọbòkun, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Ọmọ Ọbòkun, ẹ kú ewu ọ̀nà. Èyí tí ẹ sọ gbẹ̀yìn ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló já mi láyà. Oògùn yẹ́lò tí ẹ sọ yìí, tó bá jẹ́ èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Piriton, ó máa ń kun èèyàn lóorun ni, kódà ẹni tí kò sùn, ojú rẹ̀ kì í yá mọ́. Èèyàn méjìdínlógún ń bẹ lẹ́yìn yín nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ má lò ó lọ́jọ́ tí ẹ bá máa wakọ̀, ká tiẹ̀ ní alẹ́ lẹ lò ó, ó lè ṣì wà lójú yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ lọ bá oníkẹ́míìsì tó kàwé rẹ̀, ẹ sọ fún un pé dírẹ́bà ni yín, àwọn mìíràn wà bíi loratadine tí kì í sábà kun èèyàn lóorun bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí kì í ṣe oògùn òyìnbó lẹ ń wá, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun ìtìjú nínú kéèyàn lo oògùn tó yẹ lọ́jọ́ tó bá le.

Oyin dáa. Ó ń tu ọ̀fun lára, ó ń dín ikọ́ kù, ẹ lá a. Àwọn kan ń sọ pé oyin agbègbè ẹni máa ń wo èèwọ̀ ara sàn torí pé àtíkè òdòdó wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni mi ò lè bá wọn gbà. Àtíkè òdòdó tí oyin ń kó, ó wúwo, ó lẹ̀ mọ́ra, ara kòkòrò ló ń bá rìn, èyí tó ń yọ èèyàn lẹ́nu jù ni ti koríko àti igi tí atẹ́gùn ń gbé kiri, kì í sábà dé inú ìgò oyin. Orógbó ńkọ́? Ẹ jẹ ẹ́ tí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, itọ́ tó ń mú wá sẹ́nu á jẹ́ kí ọ̀fun yín rọ̀, àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé òun ló máa lé eruku. Atalẹ̀ tí wọ́n gún, tí wọ́n da omi gbígbóná lé, tí wọ́n fi oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí, kò sí àárọ̀ ọyẹ́ kan tí mi kì í mu ún. Omi lásán náà, ẹ máa mu ún, àwọn dírẹ́bà kì í fẹ́ mu omi torí kí wọ́n má baà máa dúró tọ̀ lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ bí ara bá ṣe gbẹ ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń le.

Ti màmá yín, ẹ bá mi kí wọn. Ooru efinrin ń ṣí imú lóòótọ́, ooru omi gbígbóná fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, òórùn efinrin á wá jẹ́ kí mímí dùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ti tó. Kí ọpọ́n wà lórí tábìlì tó dúró dáadáa, kí ẹ má gbé ojú súnmọ́ ọn jù, ọmọdé ò sì gbọdọ̀ wọ abẹ́ aṣọ yẹn, mo ti di bándéèjì sí itan ọmọ tí omi efinrin dà lé rí, mi ò fẹ́ rí irú ẹ̀ mọ́.

Kí ẹ sì gbé gíláàsì ọkọ̀ sókè tí ẹ bá rí tírélà tó ń da eruku níwájú, ìbòmú tí a rà nígbà Kòrónà, ẹ wá a jáde. Tó bá wá di pé àyà yín ń há, tí èémí ń dún fíì-fíì, tàbí ikọ́ ń jí yín lóru, ìyẹn ti kúrò nílé imú, ó lè jẹ́ ikọ́ fée ló ń yọjú, ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà ò jìnnà sí yín, ẹ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ o, ọmọ mi. Ìyá àgbà ni mí ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Ọmọ-ọmọ mi, oṣù mẹ́rin, imú rẹ̀ dí tí kò jẹ́ kó mu ọyàn. Àdín la máa ń kán sí imú ọmọ láyé tiwa, ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ó ní ohun tí wọ́n sọ fún òun ní wẹ́fíà nìyẹn. Ṣé òun ló gbọ́n ju gbogbo wa lọ ni?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, mo kúnlẹ̀ kí yín o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ máà bínú sí mi, ìyá ọmọ yẹn ló jàre. Ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbé ọmọ oṣù márùn-ún kan wá, ó ń mí sókè sódò, egbò kan ò sí lára rẹ̀, ibà tó ní ò tó nǹkan, a ò mọ ohun tó ṣe é. Ìyá ìyá rẹ̀ tó jókòó tì í ló wá ń sọ pé àdín tí òun ń kán sí i nímú láràárọ̀, kò yẹ kó tún rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ yé wa. Epo tí ẹ kán sí imú ọmọ kì í dúró nímú, ó lè ṣàn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀fóró ò mọ bó ṣe máa ṣe epo, kò lè wú u jáde bó ṣe ń wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ó ń jókòó síbẹ̀ ó ń bà á jẹ́. Ìyá yẹn ò ṣìkà, ìfẹ́ ló fi ṣe é, omijé tó dà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè gbàgbé. Ọmọ náà yè, ó pẹ́ ká tó dá a padà sílé.

Omi iyọ̀ tí mo ṣàlàyé fún tíṣà lókè yìí, ẹ̀kán méjì péré ní ihò imú kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi sírínjì tì í fún ọmọ ọwọ́. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà tí wọ́n fi ń fa imú ọmọ rọra fà á, kó tó mu ọyàn. Ẹ má fẹnu fà á. Ẹ má fi Robb tàbí èyíkéyìí tó ní òórùn líle sí i nímú tàbí láyà, ẹ má sì fún un ní oyin rárá títí á fi pé ọdún kan, nǹkan kan lè wà nínú oyin tí ikùn ọmọ ọwọ́ ò lè bá jà. Kí ẹnikẹ́ni má sun kọ́ìlì ẹ̀fọn nínú yàrá yẹn, ẹ lo nẹ́ẹ̀tì. Tí ọmọ bá kọ ọyàn pátápátá, tí ìhà rẹ̀ ń wọlé tó bá ń mí, tàbí ara rẹ̀ gbóná, kò sí ìdúró mọ́, ẹ gbé e lọ sọ́sípítù lójú ẹsẹ̀.

Ti òrí tí ẹ ń bi mí nínú lẹ́tà kejì, pé ṣé ó dáa fún imú dídí, ìyẹn yàtọ̀ fún àgbàlagbà. Àwọn bàbá wa ò ṣì í. Ní 1979, ìwádìí kan jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi òrí sí imú àwọn èèyàn tí imú wọn dí, imú ṣí kó tó di ìṣẹ́jú méjì, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ìwádìí kékeré ni, àmọ́ inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ, torí òrí tí ìyá mi ń fi pa mí nímú nìyẹn. Ẹ fi ìka kékeré mú díẹ̀ bíi hóró ìrẹsì, ẹ fi ra ẹnu ihò imú tí ẹ bá ń jáde, kò ní jẹ́ kí imú sán, á sì mú eruku díẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu ihò o, ẹ má yọ́ ọ kí ẹ máa dà á wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Mummy, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní OAU, ọ̀rẹ́ mi fún mi ní spray tí wọ́n ń fín sí imú, kíá ló ń ṣí i. Mo ti ń lò ó láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní báyìí tí mi ò bá fín in, imú mi á dí pa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àbí ó ti di bárakú?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an lo sọ yẹn. Spray tó ń ṣí imú kíá, ṣe ló ń fún àwọn iṣan inú imú pọ̀, tó bá ti ju ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lọ, iṣan náà á máa wú padà ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, wàá tún fín in, á tún wú. Kì í ṣe tìẹ nìkan, mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Ìwọ ṣe báyìí: fi ihò kan sílẹ̀ lónìí, má fín in mọ́, kí o máa fín ihò kejì nìkan fún bíi ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí èyí tí o fi sílẹ̀ bá ti ń mí fúnra rẹ̀, fi ìkejì náà sílẹ̀. Omi iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ ní kẹ́tùlù nínú họ́sítẹ́lì, omi síse ò le. Fi pílò méjì gbé orí sókè tó o bá sùn. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ á nira, wàá fẹ́ẹ̀ máa fi ẹnu mí lóru. Tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, rìn lọ sí ilé ìwòsàn inú kámpọ́ọ̀sì, spray mìíràn wà tí wọ́n lè kọ fún ẹ tí kì í ṣe irú èyí, kí o sì mú ìgò tọ̀rẹ́ ẹ fún ẹ yẹn dání kí wọ́n lè ka ohun tó wà lára rẹ̀.